Pọ́ǹpù kọ́ ló ń jẹ̀bi nígbà gbogbo: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe lọ́rì dísù tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ní lọ́rì àtijọ́ mu gan-an, pàápàá àwọn tó ń fi ọkọ̀ wọn kó kòkó, iṣu, gbágùúdá àti pákó láti abúlé wá sí ìgboro. Bí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà, tó ń yọ èéfín bí ilé ìdáná, tàbí tí kò lágbára láti gun òkè mọ́, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé pọ́ǹpù ti lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri. Ẹlòmíràn á lọ yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹlòmíràn á ta kòkó tí kò tíì gbẹ tán. Wọ́n á tú pọ́ǹpù, wọ́n á fi òmíràn sí i, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọkọ̀ á tún kú bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá wo abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, wọ́n á rí i pé rọ́bà kékeré kan tó ti là ló wà nídìí gbogbo wàhálà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásìkò tí epo dísù ti wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ National Bureau of Statistics, 288 náírà ni àwọn ènìyàn ń ra lítà epo dísù kan ní Nàìjíríà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, tí wọ́n bá dá iye tí wọ́n ń tà á káàkiri orílẹ̀-èdè pọ̀ tí wọ́n sì pín in dọ́gba. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ó ti di 828 náírà. Lọ́rì tí kò bá jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ, èrè orí ẹrù ló ń jó mọ́ ọn.

Yàtọ̀ sí owó, ẹ̀mí náà wà níbẹ̀. Bí lọ́rì tó gbé ẹrù bá kú lórí irú àwọn òkè tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ewu ńlá ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ẹ̀rọ tó ń fún bíréèkì ní atẹ́gùn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ìdarí ọkọ̀ tó ń lo agbára ẹ́ńjìnnì náà á sì le. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè má tètè mọ̀ pé èyí tó wà níwájú ti dúró.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀nà tí epo ń gbà ni kí ènìyàn tẹ̀ lé nígbà àyẹ̀wò. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú tánkì, kí wọ́n máa bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun tí kò wọ́n ṣáájú ohun tó wọ́n. Pọ́ǹpù ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

BÍ EPO ṢE Ń RÌN NÍNÚ ỌKỌ̀

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì yìí. Ọdún 1897 ni àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde. Ẹ́ńjìnnì náà yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróò, nítorí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń dáná sí epo. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì máa ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná gan-an, lẹ́yìn náà ni nọ́sùlù yóò wá fín epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, epo náà á sì gbiná fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Mercedes 911 tí àwọn ará wa mọ̀ dáadáa, ìlọ́po mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀.

Kí epo tó dé ibi tí yóò ti jó, ó ní ọ̀nà tó ń rìn. Yóò kúrò nínú tánkì, yóò gba inú asẹ́ kékeré, yóò gba inú páìpù àti rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kékeré tó ń fà á. Pọ́ǹpù kékeré yìí ni yóò tì í gba inú fílítà lọ sínú pọ́ǹpù ńlá, pọ́ǹpù ńlá yóò sì fi agbára tì í gba inú àwọn páìpù irin lọ sí nọ́sùlù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù yóò padà sínú tánkì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní lọ́rì há sórí. Láti tánkì dé pọ́ǹpù kékeré, fífà ni wọ́n ń fa epo. Láti ibẹ̀ lọ dé nọ́sùlù, títì ni wọ́n ń tì í. Bí ihò bá wà níbi tí wọ́n ti ń tì í, epo yóò máa kán sílẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì rí i. Ṣùgbọ́n bí ihò bá wà níbi tí wọ́n ti ń fà á, epo lè má kán rárá, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Bí ọmọdé bá ń fi sítúrọ̀ tó ti lu fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọtí kì í jáde lára sítúrọ̀ náà, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa bá a lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá wo abẹ́ ọkọ̀ tí kò rí epo kankan nílẹ̀, tó wá sọ pé rọ́bà kò ní wàhálà, kò tíì ṣe àyẹ̀wò.

OHUN TÍ ỌKỌ̀ FÚNRA RẸ̀ Ń SỌ

Ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àmì hàn. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ni kì í fẹ́ ṣíṣẹ́, tí wọ́n á yí i títí kó tó dìde, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di alẹ́ lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí epo máa padà sínú tánkì lóru nítorí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé níbì kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo bátìrì. Ẹ́ńjìnnì dísù tí kò bá yí kíákíá kò lè mú afẹ́fẹ́ gbóná tó, bó ti wù kí epo rẹ̀ dára tó.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, àmọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán bó bá dé ẹsẹ̀ òkè, epo tó ń dé iwájú kò tó. Fílítà lè ti dí, asẹ́ inú tánkì lè ti kún fún ìdọ̀tí, tàbí kí ihò kékeré tí tánkì fi ń mí ti dí.

Èyí tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù ni ọkọ̀ tó kú lójijì, tí wọ́n á dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí yóò sì tún ṣíṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Kì í ṣe ayé. Bí ewé, ọ̀rá tàbí àkísà bá wà nínú tánkì, bí wọ́n bá ṣe ń fa epo ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, fífà á dáwọ́ dúró, ìdọ̀tí náà á sì jábọ́. Rọ́bà àtijọ́ tí inú rẹ̀ ti bó lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán.

Èéfín náà ní ohun tó ń sọ. Bí ó bá dúdú kirimú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Fílítà afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wò, nítorí eruku ọ̀nà oko kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó dí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó fura sí nọ́sùlù tó ń kán dípò kó máa fín. Bí èéfín bá funfun tó sì ń rùn bí epo dísù, epo kan ń jáde láìjó. Ó lè jẹ́ nọ́sùlù, ó lè jẹ́ pé àkókò tí pọ́ǹpù ń ti epo ti yẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa mọ́. Bí èéfín funfun náà kò bá dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, ọ̀rọ̀ omi nìyẹn, kì í ṣe ti epo. Bí ó bá ní àwọ̀ bíi ti aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó.

Àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì bá ń pọ̀ sí i lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń rùn bí dísù, epo ti ń wọ inú ọ́ìlì. Ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kékeré, pọ́ǹpù ńlá tàbí nọ́sùlù. Ọ́ìlì tí epo ti là kò lè dáàbò bo irin mọ́, ẹ́ńjìnnì náà lè gan. Kí wọ́n má ṣe wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jìnnà rárá.

ÀYẸ̀WÒ TÍ KÒ GBA OWÓ ŃLÁ

Àkọ́kọ́ ni ti ìdérí tánkì. Nígbà tí agbára ọkọ̀ bá ń dín kù, kí wọ́n dúró síbi tó tẹ́jú, kí wọ́n tú ìdérí náà. Bí atẹ́gùn bá sáré wọlé pẹ̀lú ariwo, tí ọkọ̀ sì padà sípò, ihò tí tánkì fi ń mí ló dí. Omi ọṣẹ àti wáyà tín-ín-rín lè yanjú rẹ̀.

Èkejì ni ti ìgò. Kí wọ́n tú epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tánkì tàbí ìsàlẹ̀ fílítà sínú ìgò funfun láàárọ̀ kùtùkùtù kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Bí epo bá rí ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ògì, omi ti pò mọ́ ọn. Bí wọ́n bá rí ohun dúdú tó ń yọ̀, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń hù láàárín omi àti epo. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú tánkì náà fọ̀, nítorí bí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà nìkan, yóò tún dí.

Ẹ̀kẹta ni ti ọwọ́ pọ́ǹpù. Lára ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù kékeré, ohun kan wà tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ fa epo. Kí wọ́n tú ìdè kékeré tó wà lórí fílítà díẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ fa epo. Bí ó bá ń jáde pẹ̀lú ìfóófòó, tí ìfóófòó náà kò sì tán, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fi rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn yóò rí afẹ́fẹ́ náà bó ṣe ń kọjá.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó dára jù nínú gbogbo wọn, ni ti kẹ́ẹ̀gì. Kí wọ́n bu epo dísù tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, kí wọ́n so ó mọ́ ibi tó le kó má ba à ṣubú, kó sì jìnnà sí ibi gbígbóná. Kí wọ́n fi rọ́bà tuntun fa epo láti inú rẹ̀ lọ sí pọ́ǹpù kékeré, kí wọ́n sì darí rọ́bà tó ń dá epo padà sínú kẹ́ẹ̀gì náà. Bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí, pọ́ǹpù ńlá kò jẹ̀bi. Inú tánkì, asẹ́ tàbí páìpù abẹ́ ọkọ̀ ni wàhálà wà. Àyẹ̀wò tí kò tó wákàtí kan yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó tí kò nídìí.

Ẹ̀karùn-ún wà fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà nìkan, mẹkáníìkì ló sì yẹ kó ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, yóò tú ojú páìpù irin tó lọ sí nọ́sùlù díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Èyí tó bá tú tí ìró ẹ́ńjìnnì yí padà, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá tú tí ìró kò yí padà, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

NÍGBÀ TÍ PỌ́ǸPÙ BÁ JẸ̀BI LÓÒÓTỌ́

Kì í ṣe pé pọ́ǹpù kì í bàjẹ́. Epo dísù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọ́ìlì fún àwọn irin inú rẹ̀. Àwọn tó ń da kẹrosíìnì pò mọ́ dísù, tàbí tí wọ́n ń ta èyí tí wọ́n fọwọ́ pọn nínú igbó, ń ba pọ́ǹpù jẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí kẹrosíìnì kò yọ̀ tó dísù. Bí lọ́rì bá ti rin ọgọ́rùn-ún-ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ́nà púpọ̀, irin inú pọ́ǹpù lè ti jẹ.

Àmì kan tó sábà máa ń tú u fó ni ọkọ̀ tó ń ṣíṣẹ́ wéré láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í gbà bó bá ti gbóná. Epo gbígbóná máa ń ṣàn ju epo tútù lọ, ó sì máa ń gba àárín irin tó ti jẹ padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi aṣọ tútù bo pọ́ǹpù náà títí tó fi tutù, tí ọkọ̀ sì wá ṣíṣẹ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan pọ́ǹpù.

Bó bá dé ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń tú pọ́ǹpù. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn pọ́ǹpù àti nọ́sùlù ni kí wọ́n gbé e lọ. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ dúró níbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Nọ́sùlù tó dára máa ń fín epo bí ìrì, á sì gé e wáí. Èyí tó ti bàjẹ́ á máa kán tó-tó-tó. Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá bàjẹ́, kò di dandan kí wọ́n ra mẹ́fà. Kí wọ́n sì gba irin àtijọ́ padà.

Kí wọ́n ṣọ́ra fún mẹkáníìkì tó máa ń yí ìdè ara pọ́ǹpù kí ọkọ̀ lè lágbára sí i. Ó ní ìdí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi dì í pa. Agbára yóò pọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo á máa ṣòfò, èéfín dúdú á máa jáde, písítìnì sì lè jó.

Ohun mìíràn ni pé kí wọ́n tó ra pọ́ǹpù, kí wọ́n wo ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn àti èéfín bá ń tú jáde gbù-gbù-gbù, ó ṣeé ṣe kí àwọn òrùka písítìnì ti jẹ. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́, pọ́ǹpù tuntun kò lè wò ó sàn.

ÀWỌN ỌKỌ̀ TÓ NÍ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ọ̀pọ̀ tírélà tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí ló ní kọ̀ǹpútà tó ń darí epo. Agbára tí wọ́n fi ń ti epo nínú wọn lè ju 1,000 bar lọ, nígbà tí nọ́sùlù àtijọ́ máa ń ṣí ní nǹkan bíi 200. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú páìpù irin wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ sikánà ni wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò. Síbẹ̀, ohun tí sikánà ń sọ kì í ṣe ìdájọ́. Bó bá sọ pé epo kò lágbára tó, kò sọ pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Fílítà tó dí lè mú kó sọ ohun kan náà. Láti tánkì náà ni àyẹ̀wò wọn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÓ LÈ GBA Ẹ̀MÍ

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ sí ibi tí nọ́sùlù ń fín epo sí. Agbára epo náà lè gún awọ ara wọ inú ẹran. Ojú ibẹ̀ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kó má sì dunni púpọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ lè jẹrà débi tí wọ́n á gé e. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé epo ló wọlé.

Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó tánkì tí epo ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ẹni tó ń jó o kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ọ́ tí wọ́n sì ń lé èéfín epo kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Tánkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín epo tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń bú gbàmù. Kí wọ́n má ṣe da bẹntiróò sí ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ kí ọkọ̀ lè ṣíṣẹ́. Kí wọ́n sì rí i pé igi tàbí òkúta wà lẹ́yìn táyà kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀.

ÌTỌ́JÚ SÀN JU ÌWÒSÀN LỌ

Kí wọ́n máa kún tánkì lálẹ́ bí agbára bá wà, nítorí òfìfo inú tánkì ni ìrì ti ń di omi lóru. Kí wọ́n máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lábúlé, kí wọ́n sẹ́ ẹ kí wọ́n tó dà á sí tánkì. Kí wọ́n ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ tí dírẹ́bà yóò máa kọ iye lítà tó rà, ibi tó ti rà á, ọ̀nà tó rìn àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fílítà. Bí epo tó ń gbé ọkọ̀ láti Ṣakí dé Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ kò bá gbé e débẹ̀ mọ́, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Lọ́rì tó ti dàgbà dà bí àgbàlagbà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá tún sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé kó lọ wá owó pọ́ǹpù wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó kọ́kọ́ bi wọ́n: “Ọ̀gá, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé pọ́ǹpù ni?” Mẹkáníìkì tó ti ṣe àyẹ̀wò láti inú tánkì wá yóò ní èsì. Èyí tí kò bá ní èsì, kí wọ́n sọ fún un pé kó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì wá ná.